Páálí Bolt Action tí wọ́n ń pè ní Band of Brothers: ṣé ó yẹ ẹni tí kò ta eré ogun orí tábìlì rí?

Ẹni tí kò mọ̀ ju lúdò àti dráfù lọ, tí ẹ fẹ́ kó jókòó ti eré ogun orí tábìlì fún wákàtí méjì láì máa wo fóònù, Bolt Action ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Àpò dáìsì rẹ̀ ló jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀, a ó sì dé orí àpò náà láìpẹ́. Àmọ́ Band of Brothers, páálí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ní àléébù kan tó lè ba ìjókòó àkọ́kọ́ jẹ́: ọmọ ogun 24 ló wà lápá kan, 12 péré ló wà lápá kejì. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì lọ́jọ́ kan náà, tó ní kí àlejò yan apá tó wù ú, ti dá ìjà tí kò dọ́gba sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da dáìsì.

Ilé iṣẹ́ Warlord Games ní ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe é. Rick Priestley àti Alessio Cavatore ló kọ òfin rẹ̀. Ẹ̀dà kìíní jáde ní 2012, èkejì ní 2016, ẹ̀kẹta ní 2024. Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà, ni wọ́n fi ṣe eré. Nínú páálí náà ni ẹ ó ti rí ọmọ ogun Amẹ́ríkà oníke 24, irú àwọn tó ń fi páráṣúùtù já bọ́ látinú ọkọ̀ òfúrufú. Ọmọ ogun Jámánì 12. Ọkọ̀ ogun Sd.Kfz 251 kan, tí táyà wà níwájú rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń wọ́ lórí irin bí i ti katakata. Ilé oko kan tó ti wó. Ìwé òfin kékeré. Dáìsì lásán, dáìsì àṣẹ, àti àwọn àmì tí a ó máa gbé ti ẹni tí ìbọn ti dẹ́rù bà. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ga ju ínṣì kan lọ díẹ̀.

Ẹ̀dà kejì ni ìwé òfin inú páálí yìí, ti ẹ̀dà kejì náà sì ni gbogbo iye tí a ó kà sílẹ̀ níbí. Ẹ̀dà kẹta yí àwọn nǹkan kan padà, ṣùgbọ́n àpò dáìsì àti àṣẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í. Tí ẹnì kan bá ka ẹ̀dà kejì nílé, tí ẹnì kejì gbé ẹ̀kẹta wá, àríyànjiyàn lẹ ó fi wákàtí àkọ́kọ́ ṣe, ẹni tuntun á sì rò pé bí eré náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àpò náà. Nínú ọ̀pọ̀ eré irú èyí, Warhammer 40,000 sì wà lára wọn, ẹnì kan á gbé gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ rìn, á yìnbọn, á jà, kó tó kan ẹnì kejì. Ẹni tó ti mọ eré ń ṣírò lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń dúró. Ẹni tuntun kò tíì ní ohun tó máa ṣírò, ó kàn ń wòran ni, ibẹ̀ lọkàn rẹ̀ ti ń kúrò lórí tábìlì. Bolt Action kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkọ̀ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní dáìsì àṣẹ kan, àwọ̀ kan fún apá kan, àwọ̀ mìíràn fún apá kejì. Ẹ kó gbogbo wọn sínú àpò aṣọ tí ojú kò lè rí inú rẹ̀. Ẹnì kan á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á mú ọ̀kan jáde. Ẹni tó ni àwọ̀ tó jáde á yan ìkọ̀ rẹ̀ kan tí kò tíì gba àṣẹ, á gbé dáìsì náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, á sì yí ojú àṣẹ tó fẹ́ sókè. Bí àpò bá ti ṣófo, ìyípo kan ti parí nìyẹn. Ẹ kó dáìsì padà sínú rẹ̀.

Ohun tí èyí ń ṣe fún ẹni tuntun ni pé kò sí ìgbà tó lè dẹ ara sílẹ̀. Ó lè kàn án báyìí, ó sì lè má kàn án. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò di àpò náà mú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé kó fọkàn sí i. Bí ìkọ̀ mẹ́ta bá wà lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 10 ni dáìsì mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ti ẹnì kan náà. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kó má bàa rò pé ẹnì kan ń rẹ́ òun jẹ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.

Àṣẹ mẹ́fà ló wà lára dáìsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ wọ́n. Fire ni kí wọ́n dúró lójú kan kí wọ́n yìnbọn. Advance ni kí wọ́n rìn tó ínṣì 6 kí wọ́n tó yìn, àmọ́ ọwọ́ wọn á gbọ̀n díẹ̀. Run ni kí wọ́n sáré tó ínṣì 12, wọn kò ní yìnbọn. Ambush ni kí wọ́n lúgọ de ọ̀tá tó bá kọjá. Rally ni kí wọ́n fara balẹ̀ kí ìpayà kúrò lára wọn. Down ni kí wọ́n dojú bolẹ̀, kó lè ṣòro fún ìbọn láti bà wọ́n. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, Fire, Advance, Run àti Down ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Rally kún un nígbà tí ìpayà bá kọ́kọ́ ba ìkọ̀ kan. Ẹ fi Ambush sílẹ̀ di ìjókòó kejì, nítorí àṣẹ yẹn máa ń já ìṣe ẹlòmíràn ní àárín, kí ẹni tuntun sì tó mọ bí ìyípo lásán ṣe ń lọ, kò ní mọ ibi tí wọ́n ti já a.

Ìpayà gan-an ni ọkàn eré yìí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ni ti ń ṣìṣe. Ẹ wo bí ìbọn ṣe ń bà ná. Dáìsì tó bá mú 3 sókè bà. Tí ọ̀tá bá jìnnà kọjá ìdajì ibi tí ìbọn lè dé, 3 á di 4. Tí ẹni tó ń yìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn, ẹ fi 1 kún ohun tó gbọ́dọ̀ mú. Tí ọ̀tá bá wà nínú igbó, 1. Tó bá wà lẹ́yìn ògiri, 2. Àmì ìpayà kọ̀ọ̀kan tó wà lára ẹni tó ń yìn náà, 1. Ọ̀tá tí kò jìnnà ju ínṣì 6 lọ, ẹ yọ 1 kúrò. Àwọn dáìsì tó bà ni ẹ ó tún dà: 4 sókè ló ń pa ọmọ ogun tí ìwé ń pè ní Regular, ìyẹn àwọn tó mọ ogun níwọ̀nba.

Ẹ wá mú ìkọ̀ ẹni márùn-ún tí ìbọn gígùn wà lọ́wọ́ wọn, irú èyí tó ń dé ínṣì 24. Ọ̀tá wà ní ínṣì 20, lẹ́yìn ògiri. 3 ti di 6. Nínú dáìsì márùn-ún, iye tí yóò bà kò tó ẹyọ kan ní ìpíndọ́gba, ìdajì ohun tó bá bà nìkan ló sì ń pa. Ẹni tuntun á da dáìsì rẹ̀, á rí i pé ẹnikẹ́ni kò kú, á sì pinnu pé ìbọn òun kò wúlò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá a dúró. Ìgbà 6 nínú 10 ni ó kéré tán ọ̀kan nínú dáìsì márùn-ún yẹn yóò mú 6, ẹyọ kan yẹn sì ti tó: ìkọ̀ ọ̀tá gba àmì ìpayà kan, ẹni kankan ì báà má kú.

Láti ìgbà yẹn lọ, ìkọ̀ náà kò ní ṣe ohun tí wọ́n bá sọ fún un láì dán an wò. Ẹ da dáìsì méjì, ẹ ro wọ́n pọ̀. Regular gbọ́dọ̀ mú 9 tàbí kí ó kéré sí i, ṣùgbọ́n àmì kọ̀ọ̀kan ń yọ 1 nínú 9 náà. Àmì kan, ó di 8: yóò yege ní bí ìgbà 72 nínú 100. Àmì méjì, 58. Àmì mẹ́ta, 42. Àmì mẹ́rin, 28. Tó bá kùnà, Down ni dáìsì rẹ̀ yóò di, wọn á dojú bolẹ̀ títí ìyípo yẹn yóò fi parí. Tó bá yege, àmì kan kúrò lára rẹ̀. Rally ń kó iye àmì tí dáìsì kan bá mú kúrò. Bí àmì bá pọ̀ tó 9 lórí ìkọ̀ Regular, gbogbo wọn ti sá lọ, ẹ kó wọn kúrò lórí tábìlì. Ọ̀gá ológun tó wà láàárín ínṣì 6 sí ìkọ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́. Second Lieutenant, ọ̀gá tó kéré jù, ń fi 1 kún 9 náà. Ẹ gbé àwọn iye yìí síwájú ẹni tuntun lórí ìwé kékeré kan. Nígbà tó bá rí i pé àmì mẹ́ta ti sọ ìkọ̀ ọ̀tá di aláìgbọràn ju onígbọràn lọ, yóò mọ ìdí tó fi yẹ kí ìkọ̀ kan máa yìnbọn sí ẹni tí kò lè pa, kí ìkọ̀ kejì lè rí àyè rìn.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lórí ìpayà. Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń gbàgbé láti fi àmì sílẹ̀ nígbà tí ìbọn bà tí kò pa ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ló wúlò jù. Èkejì, wọ́n máa ń fi àmì kan fún dáìsì kọ̀ọ̀kan tó bà. Rárá: ìkọ̀ kan tó yìn, àmì kan ni, ì báà bà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tí ẹ bá ṣi èyí ṣe, ìyípo kejì ni gbogbo ènìyàn yóò ti dojú bolẹ̀, eré á dúró. Ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń gbàgbé láti yọ àmì kan nígbà tí ìkọ̀ bá yege. Tí àwọn àmì inú páálí bá sọnù, bọ́tìnì pupa ṣe é lò dáadáa.

Iṣẹ́ kíkàn ni ohun tí páálí yìí kò sọ tó. Gbogbo ọmọ ogun wọ̀nyí wà lára férémù ike, orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe sọ pé kí ẹni tuntun wá kàn wọ́n lọ́jọ́ tó fẹ́ ta eré. Ẹ kàn wọ́n sílẹ̀ dè é. Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ férémù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, nítorí epo tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Ẹ̀mú kékeré tó ń gé wáyà ni kí ẹ fi gé e. Tí ẹ bá fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ, ọrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ìbọn ló máa ń ya. Ẹ fi ọ̀bẹ tàbí sáńpépà fá ibi tí férémù so mọ́. Gúlù tó ń yọ́ ike ni kí ẹ rà, èyí tó ń so méjì di ọ̀kan. Sùpà gúlù náà ń mú, ṣùgbọ́n kíá ló ń gbẹ, ìyẹn sì ni ìṣòro lórí ìbọn tí ọwọ́ méjì dì mú: ẹ gbọ́dọ̀ fi apá méjèèjì sí i pa pọ̀, kí ẹ sún wọn títí wọ́n á fi bára mu, kí gúlù tó gbẹ. Ẹni tó bá lẹ apá ọ̀tún, tó dúró kó gbẹ, kó tó kan ti òsì, yóò rí i pé ọwọ́ òsì kò dé ara ìbọn mọ́. Ẹ fi orí sí i gbẹ̀yìn, kí ojú rẹ̀ lè kọ ibi tí ìbọn kọ sí.

Ọ̀dà kò pọn dandan fún ìjókòó àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ látinú agolo, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí òjò ń ṣú tí afẹ́fẹ́ tutù, nítorí ọ̀dà á gbẹ bí ìyẹ̀fun lára wọn. Ẹ má sì ṣe é níta nígbà ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ìfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Àwọ̀ ewé gbígbẹ fún Amẹ́ríkà, eérú tó ní ewé díẹ̀ fún Jámánì, ìyẹn ti tó kí ojú lè dá wọn mọ̀ lókèèrè.

Bí a ṣe ní kí ẹ tò ó nìyí. Ara Jámánì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí 12 péré ni wọ́n. Ẹ fi ọ̀gá ológun kan àti ẹnì kan tó ń tẹ̀ lé e ṣe ìkọ̀ kan. Ẹ fi 10 tó kù ṣe ìkọ̀ méjì, márùn-ún márùn-ún. Ẹ mú 12 nínú àwọn Amẹ́ríkà, ẹ ṣe wọ́n bákan náà gẹ́lẹ́, ẹ dá 12 tó kù padà sínú páálí. Àwọn tó ń fò látinú ọkọ̀ òfúrufú yìí, Veteran, ìyẹn ẹni tí ogun ti mọ́ lára, ni ìwé sábà máa ń pè wọ́n, ẹ̀mí wọn sì yi ju ti Regular lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ pe gbogbo ènìyàn lápá méjèèjì ní Regular, kí gbogbo wọn sì ní ìbọn gígùn. Dáìsì mẹ́fà ló wà nínú àpò. Ẹni tuntun lè fi ojú kan ṣoṣo rí gbogbo rẹ̀.

Ìwé sọ pé tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4 ló dára. Fún ènìyàn 12 sí 12, 4 sí 4 tó, ó sì sàn jù. Ilé tó wó náà, àárín gbùngbùn ni kí ẹ gbé e sí. Ẹni tí ọmọ ogun rẹ̀ bá wà ní ínṣì 3 sí i nígbà tí ìyípo kẹfà bá parí, tí ọ̀tá kò sí níbẹ̀, ló borí. Ẹ tún wá nǹkan mẹ́jọ sí mẹ́wàá mìíràn tó ń dí ojú: agolo Mílò, páálí bàtà tí ẹ fi ọ̀dà kùn, òkúta, ẹ̀ka igi tí ẹ gún mọ́ fóòmù. Ẹ tẹjú mọ́ tábìlì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì: tí ẹ bá rí ọ̀nà tó ju ínṣì 24 lọ tí nǹkan kan kò dí, ẹ gbé nǹkan sí i. Tábìlì tó ṣófo ló ń pa ìjókòó àkọ́kọ́ ju ohunkóhun lọ. Ìkọ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde nìbọn gbogbo ènìyàn yóò dojú kọ, ẹni tuntun á sì kọ́ pé kò yẹ kí òun kúrò ní ibi tí òun wà.

Ẹ má mẹ́nu ba òfin orílẹ̀-èdè. Ìwé ní èyí tó jẹ́ kí Amẹ́ríkà máa yìnbọn bí wọ́n ṣe ń rìn láì jẹ́ pé ọwọ́ wọn gbọ̀n, ó sì ní èyí tó ń fi kún ọta ìbọn arọ̀jò-ọta Jámánì. Méjèèjì dára, wọ́n sì wà fún ìjókòó kẹta. Dáìsì méjì tó bá mú 6 àti 6 nínú ìdánwò àṣẹ ní wàhálà tirẹ̀ nínú ìwé. Ẹ kà á sí ìkùnà lásán ná.

Ìjà ọwọ́ kò ṣeé fi pamọ́, torí ẹni tuntun á béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ rẹ̀ fún un kó tó sáré wọ inú rẹ̀: níbẹ̀, kò sí dídà dáìsì láti mọ̀ bóyá ìbọn bà, tààrà ni ẹ ó da èyí tó ń pa. Apá tó bá kú jù ti pàdánù, gbogbo àwọn tó kù nínú ìkọ̀ náà ni ẹ ó sì kó kúrò. Tí ẹ kò bá sọ ọ́ ṣáájú, ó lè pàdánù ìkọ̀ kan nínú mẹ́ta tó ní láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní gbàgbọ́ pé òfin ni.

Ọkọ̀ ogun inú páálí, tó rẹwà tó sì ń wu gbogbo ẹni tó bá rí i, ni ohun tí a kò fọwọ́ sí rárá nínú bí wọ́n ṣe kó páálí yìí jọ. Ìbọn gígùn lásán lè dẹ́rù ba àwọn tó wà nínú rẹ̀, torí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bà á jẹ́. Ẹ má gbé e jáde àyàfi tí ohun ìjà tó lè fọ́ irin, bí i bazooka, bá wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ó dára fún ìjókòó kejì tàbí ìkẹta, níbi tí Amẹ́ríkà yóò ti kó àwọn 12 yòókù jáde láti fi dí i. Ìwé òfin kékeré náà pé, kò sí ohun pàtàkì tó dín kù nínú rẹ̀, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ há ojú. Ẹni tó ń kọ́ni ni kó kà á, kì í ṣe ẹni tó ń kọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ilé rẹ̀, páálí kan tó fún ènìyàn méjì. Ẹ má ra ohunkóhun kún un kí ẹ tó ta eré lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Fún àwa, ibì kan wà tí eré yìí ti kan ilé. Divisions 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, dojú kọ àwọn Jàpáànù ní Bọ́mà. 81 ló wà ní àfonífojì odò Kaladan ní 1944. Bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nigeria Regiment sì jà lọ́dún yẹn kan náà gẹ́gẹ́ bí ara àwọn Chindit, àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ jà. Warlord ń ta Chindit, ó sì ń ta ọmọ ogun Jàpáànù. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àwọn bàbá wa jáde lórí tábìlì lè mú àwọn tó dé fìlà etí gbòòrò, kó kun aṣọ wọn ní àwọ̀ ewé igbó, kó kun ojú àti ọwọ́ wọn ní dúdú tó ní pupa díẹ̀. Fún Division 81, ẹ kán ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè sí èjìká, kí ẹ sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ dúdú sí àárín rẹ̀. Aláǹtakùn dúdú ni àmì wọn. Ẹ fi òfin pàtàkì àwọn Jàpáànù sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ eré, kí ẹ lo 12 sí 12 bí a ṣe tò ó lókè. Igi ni kí ẹ fi kún tábìlì, kì í ṣe ògiri: 1 ni igbó ń fi kún un, nítorí náà ìbọn á máa bà ju bó ṣe ń bà lẹ́yìn ilé tó wó. Ẹ tò wọ́n kí ojú má lè rìn ju ínṣì 12 lọ níbikíbi. Advance yóò wúlò níbẹ̀ ju Fire lọ, àwọn ìkọ̀ yóò sì pàdé ara wọn ní ìyípo kejì tàbí ìkẹta.